Orin Tí Wọ́n Fi Ń Bú Ọ̀gá ní Ẹbu Wa

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ ṣe ìdánwò bákì tí a fi parí iléèwé, tí ẹ ṣì ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín kíákíá kí ayọ̀ tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Èmi Fúnmi, mo ti di ọ̀gá ní ẹbu epo ní Adja-Ouèrè níbí, ibi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo pupa, àwọn obìnrin náà fúnra wọn ló sì yàn mí, nítorí pé mo lè kọ̀wé, mo sì lè bá oníbàárà sọ Faransé. Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, orí mi wú débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò lójú ọ̀nà. Mo sáré dé ọ̀dọ̀ ìyá mi àgbà. Òun ló ṣe iṣẹ́ yìí ní ẹbu yìí kan náà láti kékeré títí ó fi darúgbó, kò sì tíì pẹ́ tó fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Màmá àgbà, wọ́n ń fi orin yìn mí. Gbogbo orin tí wọ́n ń kọ, èmi ni wọ́n fi ń yìn."

Ó ń bó ẹ̀gúsí. Kò gbójú sókè.

"Ìyìn nìkan?"

"Ìyìn nìkan, màmá."

"Wọn ò tíì bú ọ?"

"Wọn ò bú mi rárá."

Ó gbé àwo ẹ̀gúsí sílẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Jókòó."

Mo jókòó. Ohun tó sọ fún mi ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí bó ṣe sọ ọ́ gan-an, ó sì ní kí n kọ ọ́ fún ẹ̀yin náà tí ẹ ń wá iṣẹ́. Láti ibi yìí lọ, tí ẹ bá rí "mo", Màmá Àgbà ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi. Adúnní lorúkọ rẹ̀.

*

Mi ò lọ bẹ ẹnikẹ́ni fún iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹbu, ó ní kí n lọ kọ́ṣẹ́, mo sì lọ. Owó tí wọ́n ń san, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. A jẹun, a ra aṣọ, àwọn ọmọ lọ sí iléèwé. Ohun tí mo fẹ́ sọ ju ìyẹn lọ.

Obìnrin kan tí à ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́bu ló ni ibẹ̀. Ará Kpoulou ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú, kì í pariwo. Nígbà yẹn kò sí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ni ẹ̀rọ. A máa se ẹyìn, a máa dà á sínú kòtò tí wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́, àwọn obìnrin á wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ara ẹyìn á fi bó kúrò lára èkùrọ́. Lẹ́yìn náà a máa bu omi sí i, epo á léfòó, a máa bù ú lọ sórí iná. Igi gbọọrọ kan wà lókè kòtò náà tí wọ́n gbé lé òpó méjì. Igi ìdìmú là ń pè é. Òun la máa ń dì mú tí a bá ń tẹ̀, nítorí inú kòtò ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀.

Ó pẹ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí n fẹsẹ̀ kan inú kòtò. Mo kọ́kọ́ ń yọ ẹyìn kúrò lára ìdì rẹ̀, ẹ̀gún sì ń gún mi lábẹ́ èékánná. Mo pọn omi. Mo dáná. Ìyá Ẹlẹ́bu máa ń wo gìgísẹ̀ èèyàn bí ẹni tó ń yan iṣu lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ wọ kòtò gbọ́dọ̀ fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ẹsẹ̀, lórí ẹní tó mọ́ ló sì gbọ́dọ̀ rìn débẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ní kí n wọlé, ó tẹ̀ ba, ó wo àárín ìka ẹsẹ̀ mi, ó kàn nawọ́ sí ọ̀nà ilé.

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, mo ti fọ̀ ọ́."

"Ta lo fọ̀ ọ́ fún, èmi àbí ẹni tó máa jẹ ẹ́?"

Mo lọ sílé. Mi ò sunkún lójú rẹ̀, ojú ọ̀nà ni mo ti sunkún.

Bó ṣe le tó yẹn, àwọn obìnrin kì í fi í sílẹ̀. Orin ló fà á. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Tí a bá wà nínú kòtò, a máa ń kọrin kí ẹsẹ̀ wa lè bá ara wọn lọ. Ṣùgbọ́n orin ẹbu kì í ṣe orin ìyìn. Ọ̀gá la fi ń bú. Ohun tí o kò lè sọ lójú àgbà, torí ìwọ̀sí ni, o lè kọ ọ́ lórin nínú kòtò, kò sì sẹ́ni tó máa bi ọ́ léèrè tí o bá jáde. Òfin ibẹ̀ nìyẹn: ọ̀rọ̀ inú kòtò kì í bá ni délé. Ọ̀gá tó bá fi ẹnu dá orin lóhùn, òun ló máa ra àkàrà fún gbogbo wa. Ìṣe ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn.

Ìdòwú ló máa ń dá orin. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ wọ ẹbu ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ọjọ́ kan tí ẹyìn gbígbóná ti bó wa lẹ́sẹ̀, ó dá a pé:

Ìyá Ẹlẹ́bu, ojú rẹ mà mú o,
O rí ẹyìn tó bọ́ sílẹ̀,
O ò rí ẹsẹ̀ tó ń bó.

A gbè é. Ìyá Ẹlẹ́bu wà níbẹ̀, ó ń to igi ìdáná, kò wo ọ̀dọ̀ wa, àfi bí ẹni pé adití ni. Nígbà tílẹ̀ mọ́, igbá àdí kan wà létí kòtò, kí a fi pa ẹsẹ̀. Kò sọ pé òun lòun gbé e síbẹ̀. Àwa náà ò dúpẹ́. A pa á, a wọ kòtò. Mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ṣiṣẹ́ látìgbà yẹn, mi ò tíì rí ọ̀nà tó dáa jùyẹn lọ láti darí èèyàn.

Ìyá Ẹlẹ́bu darúgbó, ó kú, wọ́n sin ín sí Kpoulou. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Àlàó, wá láti Kútọnu, ó gba ẹbu.

Mi ò ní sọ pé èèyàn burúkú ni Àlàó. Ó ra ìkòkò irin tuntun. Ó fi kún owó wa. Ó ń kí wa dáadáa láràárọ̀. Orin ni kò mọ̀, torí kékeré ló ti kúrò nílé. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mú oníbàárà láti Pobè wá, ó wọ bàtà funfun. Ìdòwú rí bàtà náà, kò lè mú un mọ́ra:

Ẹ wá wo lékèélékèé tó bà sẹ́bu,
Bàtà ń dán, ẹsẹ̀ dà?
Ẹni tí ò tẹ̀ ẹyìn rí ló ń ṣọ́ wa.

Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi jókòó sílẹ̀. Ojú ti Àlàó. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó pè wá jọ.

"Ìdòwú, kí ni mo ṣe fún ọ?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n."

"O bú mi lójú àlejò."

"Orin ni, ẹ̀gbọ́n. Àmọ́ ẹ ti fẹnu dáhùn báyìí, àkàrà yá."

"Àkàrà kẹ̀. Láti òní lọ, mi ò fẹ́ gbọ́ orin níbí mọ́. Iṣẹ́ la wá ṣe."

A dákẹ́. Ó rò pé ìbọ̀wọ̀ ni dídákẹ́ yẹn. Ẹsẹ̀ wa ò bá ara wọn lọ mọ́, ẹnì kan ń gbé e sókè, ẹnì kan ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a wá ń kọlu ara wa bí ewúrẹ́ inú ọkọ̀. Iṣẹ́ tí à ń parí kí oòrùn tó le, ó di ọ̀sán gangan. Àlàó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró tì wá, ó ká apá. Bó ṣe ń dúró tó ni ara wa ń wúwo tó. Orí ń fọ́ ẹnì kan lónìí, inú ń run ẹlòmíràn lọ́la. Àwọn kan lọ ń ta ìrẹsì níbi tí àwọn oní-zémì tó ń fi alùpùpù gbé èrò ń dúró sí, àwọn kan padà sóko ní Oko-Akarè. Owó tó fi kún un ò dá wọn dúró.

Ó bi mí pé, "Adúnní, kí ni wọ́n fẹ́ gan-an?"

Mo ní, "Wọn ò sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n."

Òótọ́ ni. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí à ń sọ ọ́ sí ni wọ́n ti tì pa.

Nígbà tó yá, igi ìdìmú bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ikán ti wọ ìdí rẹ̀ níbi tó gbé lé òpó. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Gbogbo wa rí lẹ́búlẹ́bú igi tó ń dà sétí kòtò. Láyé Ìyá Ẹlẹ́bu, a ò bá ti kọ ọ́ lórin lọ́jọ́ náà, igi tuntun ì bá sì ti dé kílẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ dúró níwájú ọ̀gá, kó sọ fún un pé ohun ìní ìyá rẹ̀ ti jẹrà? Ìjà nìyẹn lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á ní orin tí wọ́n gbà lẹ́nu rẹ̀ ló ń bí i nínú. À ń wo igi, à ń wo ara wa, a sì tún ń dì í mú.

Ó dá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà. Kò tilẹ̀ dún púpọ̀. Ọ̀gangan ibẹ̀ ni Ìdòwú dì mú. Ó ṣubú sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ kọlu etí kòtò, igi náà wó lé e. Ẹyìn ṣì gbóná, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í kó lè dìde. A gbé e jáde. A ò mọ èyí tó jẹ́ epo, a ò mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀. Zémì la fi gbé e lọ sílé ìwòsàn, èmi jókòó sẹ́yìn, mo gbá a mú. Kò sunkún. Ó ní, "Adúnní, bá mi bẹ oní-zémì yìí, epo ara mi ti ba àga rẹ̀ jẹ́."

Ẹsẹ̀ náà san, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ẹyìn mọ́ láéláé.

Àlàó wá bá wa nílé Ìdòwú. Gbogbo wa jókòó yí i ká.

"Ṣé gbogbo yín lẹ rí i pé ikán ti wọ igi yẹn?"

À ń wo ojú ara wa.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

A wolẹ̀. Ìdòwú ló dáhùn láti orí ẹní tó dùbúlẹ̀ sí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gba ẹnu wa. A ò mọ ibi tí ẹ gbé e sí."

Àlàó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́. Ó ní, "Ẹ máa kọrin."

A padà sí ẹbu, igi tuntun ti wà níbẹ̀, a sì kọrin bó ṣe ní ká kọ ọ́. Ṣé ẹ mọ ohun tí a kọ?

Ọ̀gá wa dára, ọ̀gá wa ṣèèyàn,
Ọlọ́run á máa ṣọ́ ọ̀gá wa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń kọ ọ́ láràárọ̀. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn. Àwa mọ̀ pé ẹ̀rù ló bí ìyìn yẹn. Orin tí ọ̀gá bá pa láṣẹ, ti ọ̀gá ni, kì í ṣe tiwa. Ó pẹ́ kó tó yé e. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ á máa rẹ̀wẹ̀sì. Ọjọ́ kan ó wá bá mi nídìí iná.

"Adúnní, ọjọ́ wo ni wọ́n máa bú mi?"

"Ọjọ́ tí ẹ̀rù yín ò bá bà wọ́n mọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Mi ò mọ̀. Àmọ́ màmá yín kì í ká apá."

Kò ká apá mọ́. Ó bọ́ bàtà. Ó ń bá wa yọ ẹyìn nígbà mìíràn, ẹ̀gún ń gún un, a sì ń fi ìborùn bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Ìdòwú lè fi ọ̀pá rìn, ó ní òun fẹ́ wá wo ẹbu. Wọ́n gbé àga fún un. Àwọn oníbàárà Pobè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìdòwú wo igi tuntun, ó wo Àlàó, ó dá a:

Àlàó pààrọ̀ igi, igi dúró ṣinṣin,
Ta ló máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún Ìdòwú?
Ẹsẹ̀ ni mo fi ń jẹun, àga lẹ gbé fún mi.

Kò sẹ́ni tó gbè é. Ẹ̀rù bà wá. Àwọn oníbàárà ń wo Àlàó, Àlàó ń wolẹ̀. Ìdòwú tún un dá. Mo gbè é, torí mi ò fẹ́ kí ohùn ọ̀rẹ́ mi dá wà. Lẹ́yìn náà gbogbo wa gbè é. Àlàó kẹ̀yìn sí wa. Ó lọ sẹ́yìn òkìtì igi ìdáná, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó bu omi fún Ìdòwú mu. Lọ́jọ́ kejì ó gbé àpótí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò epo. Ó ní Ìdòwú ni yóò máa jókòó síbẹ̀, òun ni yóò máa wo epo tó bá jinná, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé epo kalẹ̀ àfi tó bá ní ó tó. Ibẹ̀ ni Ìdòwú ti ṣiṣẹ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ti lọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí adìyẹ tí òjò lé wọ abẹ́ ilé onílé.

Ẹ̀rọ dé lẹ́yìn ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló kọ́kọ́ dé, ó ń fún ẹyìn bí ẹni ń fún aṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èyí tó ń mu epo mọ́tò. Wọ́n dí kòtò, ẹsẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Mi ò banú jẹ́, orúnkún mi mọ ìdí. Àlàó ti darúgbó nígbà yẹn, ó fi ẹbu sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àwa obìnrin, wọ́n sì fi mí ṣe ọ̀gá. Ẹ̀rọ yẹn ń pariwo débi pé tí o bá bú ìyá ẹni, kò ní gbọ́. Mo bá ní kí orin kó lọ sábẹ́ àtíbàbà tí a ti ń yọ ẹyìn, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ nígbà tí a bá wà níbẹ̀. Àwọn kan ní mo ń fi àkókò ṣòfò. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti bú mi. Wọ́n ní mò ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ tó ń lọ ro ẹjọ́. Wọ́n ní tí mo bá ń ṣàlàyé iṣẹ́, kí n tó parí, èkùrọ́ á ti hù. Ìrìn mi ò ṣeé tún ṣe. Ọ̀rọ̀ mi ni mo gé kúrú.

Iṣẹ́ ayé mi nìyẹn. Ẹ rí i pé mi ò sọ púpọ̀ nípa epo. Ẹnikẹ́ni lè kọ́ epo. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, tí ẹ bá dé ibì kan, ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n pé ta ni ọ̀gá. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ti ń bú u.

*

Èmi Fúnmi ló tún ń sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí Màmá Àgbà sọ̀rọ̀ tán, ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀, ara mi sì ti tutù wọ̀ọ̀. Mo bi í pé ṣé àwọn obìnrin náà máa fi mí sílẹ̀ bí wọ́n ṣe fi Àlàó sílẹ̀ ni. Ó ní òun ò mọ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà.

Mo bọ́ bàtà. Mo lọ jókòó sábẹ́ àtíbàbà, mò ń bá wọn yọ ẹyìn, ẹ̀gún sì ba gbogbo èékánná tí mo kùn jẹ́. Síbẹ̀ ìyìn náà ni. "Fúnmi wa, ìmọ́lẹ̀ wa." Mo tún gbọ́ pé àwọn kan lára wọn ti ń béèrè iṣẹ́ níbòmíràn, tí mo bá sì gbọ́ orin ìyìn yẹn, ẹ̀rù á máa bà mí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá. Oníbàárà wà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rọ dákẹ́, wọ́n ń yọ ẹyìn, èmi dúró lọ́tọ̀, mò ń wo fóònù. Ìyá Sẹ́líìnì, ẹni tó bímọ kẹ́yìn láàárín wọn, ló la ẹnu:

Fúnmi ń wo fóònù,
Oòrùn ń wo ọmọ wa,
Ẹ bá wa bi Fúnmi, ta ló ń wo wá?

Gbogbo wọn gbè é, wọ́n tún ń pàtẹ́wọ́ sí i. Mo yíjú wo ibi tí àwọn ọmọ sùn sí. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ẹní ọmọ jáde kúrò lábẹ́ àtíbàbà kí ìdì ẹyìn lè ráyè. Oòrùn ti dé itan wọn. Mo fẹ́ sọ pé oníbàárà ni mò ń dá lóhùn lórí fóònù, òótọ́ sì ni, ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, mo gbé e mì. Mo ti fóònù bọ àpò. Mo mú àdá.

Nígbà tí mo máa fi dé ilé, imọ̀ ọ̀pẹ ti ha mí lápá, mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe.

"Màmá àgbà, wọ́n bú mi."

"Ta ló dá a?"

"Ìyá Sẹ́líìnì."

"Lójú ta ni?"

"Lójú oníbàárà."

"O dá wọn lóhùn?"

"Rárá, màmá. Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo lọ gé. Àtíbàbà àwọn ọmọ ti dúró."

"Nítorí náà, kò sí àkàrà."

"Kò sí àkàrà."

"Kọ ọ́ kí n gbọ́."

Mo kọ ọ́. Kò rẹ́rìn-ín, kò yìn mí. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé orí oòrùn tó ń wo ọmọ, mo rí i tó na ẹsẹ̀ méjèèjì kúrò lórí ẹní, gìgísẹ̀ rẹ̀ tó ti le bí awọ sì ń sọ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ó ń tẹ̀ ẹyìn tí kò sí níbẹ̀. Nígbà tí mo tún un dá, òun ló gbè é.